Wọ́n Ní Kí N Lọ Sinmi

Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Nọ́ọ̀sì àgbà ní kí n lọ dùbúlẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ru sókè, ẹsẹ̀ mi ti wú, èsì ìtọ̀ mi kò sì dùn mọ́ òun nínú. Oyún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ oṣù keje ni. "Màdáámù, láti òní lọ, kò síṣẹ́, kò sí omi gbígbé, kò sí ìjà. Ẹ lọ sinmi." Mo bi í bóyá ó mọ ilé tí mò ń gbé.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ó ní irú ẹ̀jẹ̀ tèmi ṣọ̀wọ́n, pé O ni, èyí tí wọ́n ń fi àmì àyọkúrò sí lẹ́yìn, kò sì sí ìkankan nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kí n wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tèmi mu kó tó di ọjọ́ ìbímọ, kí n sì wá ọkọ̀ tó máa wà nítòsí. "Àwọn ará ilé yín ńkọ́?" ló bi mí. Ẹ̀rín pa mí. Ará ilé mi! Àwọn tó ti lé lọ́dún kan tí wọn ò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó máa gbálẹ̀ àgbàlá.

Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì omi gbà kí n lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń jókòó sẹ́yìn gíláàsì yẹn, tí àwọn tí ẹ̀rọ omi wọn ò yọ ń bú mi bíi pé èmi ni mo gbé omi mì. Mo rò pé mo ti mọ ohun tó ń jẹ́ ariwo.

Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹfà

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí Panẹ́lì, tó ń tún ara ọkọ̀ tó tẹ̀ ṣe nínú àgbàlá wa, fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan lábẹ́ fèrèsé mi. Gbà! Gbà! Gbà! Ọmọ inú mi ń ta sókè bó ṣe ń lù ú. Mo ṣí fèrèsé, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Panẹ́lì, wọ́n ní kí n sinmi o." Àánú mi ṣe é dénú, mo rí i lójú ẹ̀. Ó nu òógùn ojú, ó ní, "Háà, Àǹtí Omi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ rí i pé ẹ sinmi dáadáa o." Ló bá gbé òòlù rẹ̀ padà.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹfà

Ìyá ọkọ mi dé. Ọkọ mi ló ní kí wọ́n wá, torí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ afárá tó wà yẹn, àfi kó gun òkè kó tó lè pè mí. Màmá kò tíì gbé àpò sílẹ̀ tí wọ́n fi bi mí pé kí ló dé tí mo nà gbalaja ní ọ̀sán gangan.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ mi ló ru."

"Á ru kẹ̀. Kí lẹ̀jẹ̀ èèyàn á máa ṣe tí kò bá ní ru, nígbà tí èèyàn náà bá sùn sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn? Mo bí mẹ́fà, ìyàwó mi. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn lọ bí gbogbo wọn."

Iyọ̀ tí wọ́n dà sínú ọbẹ̀ alẹ́ tó èyí tí wọ́n fi ń rẹ ẹran kó má baà bà jẹ́. Mo ní nọ́ọ̀sì ní kí n dín iyọ̀ kù. Wọ́n ní ta ló ń bímọ, ṣé nọ́ọ̀sì ni?

Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹfà

Tòmátò ti wọ́n. Màmá ti ọjà dé, wọ́n wò mí bíi pé èmi ni mo fowó lé e.

Àìkú, 9 Oṣù Kẹfà

Mo pe ìpàdé. Màmá to àga sábẹ́ fèrèsé, èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo yọ orí síta bí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Onílé ló kọ́kọ́ dé, ó gba àga tó ní tìmùtìmù. Panẹ́lì jókòó lórí táyà. Télọ̀, tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tèmi, gbé aṣọ tó ń ká létí wá. Sájẹ́ńtì sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá ojú pópó, síbẹ̀ kọ́kọ́rọ́ géètì ṣì ń fì lọ́rùn rẹ̀ lórí okùn bí oyè. Kì í jókòó níbi tí Télọ̀ bá jókòó sí. Télọ̀ náà, ẹ̀yìn ló kọ sí i. Láti ìgbà tí mo ti kó wá síbí ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni pé okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí ló dá a sílẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi ní ṣókí. Ohun méjì péré ni mo ń wá: ẹni tó máa jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò, àti ọkọ̀ tó máa wà nítòsí.

Onílé ń mi orí. "Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ yẹn. Ṣùgbọ́n ká tó dé orí ẹ̀, ta ló ń da omi ọṣẹ sí ìdí ògiri mi?"

Bí omi ọṣẹ ṣe gba ìpàdé mi nìyẹn o. Wọ́n sọ ọ́ síwá, wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn. Màmá, tí wọn ò tíì lo ọjọ́ márùn-ún nínú ilé, ti dá sí i, wọ́n tún ń fi ọwọ́ júwe bí omi ṣe ń ṣàn. Nígbà tó sú mi, mo ké mọ́ wọn. Panẹ́lì ní, "Àǹtí Omi, ẹ rọra. Ẹ̀jẹ̀ yín o."

Sájẹ́ńtì wú àyà. "Ní ti ẹ̀jẹ̀ yìí, ẹ fọkàn balẹ̀. Irú tèmi ò sí mọ́. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, dókítà kan wo ẹ̀jẹ̀ mi, ó pe àwọn dókítà yòókù kí wọ́n wá wò ó."

Télọ̀ bá ká aṣọ rẹ̀, ó dìde. "Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Èmi ò lẹ́jẹ̀ tí mo fẹ́ fún ẹnì kankan nínú ilé yìí." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò gbá a. Ì bá kúkú gbá a.

Panẹ́lì ní gbogbo ara lòun fẹ́ fi ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tóun bá ti fojú rí abẹ́rẹ́, dídákú ló kù. Ọkùnrin tó ń na irin látàárọ̀ ṣúlẹ̀!

Ohun kan ṣoṣo tí mo rí gbà ni ìlérí onílé. "Ọkọ̀ mi wà nílẹ̀. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá ti pè mí." Ó tún wá béèrè omi ọṣẹ kó tó lọ.

Ẹtì, 14 Oṣù Kẹfà

Òjò. Iná ò sí. Panẹ́lì ti kó irin rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì nítorí mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Àfi bó ṣe ń wá sí fèrèsé léraléra láti béèrè pé, "Àǹtí Omi, ṣé ẹ ti sùn?"

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹfà

Mo bẹ nọ́ọ̀sì àgbà títí tó fi gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wá sí àgbàlá wa. Ó fi tábìlì sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ní kí wọ́n máa bọ́ síwájú. Kò sẹ́ni tó fẹ́ tò! Ńṣe ni gbogbo wọn rántí iṣẹ́ tí wọ́n ní láti ṣe.

Sájẹ́ńtì ló ṣáájú, ó ká apá aṣọ sókè bí ẹni tó fẹ́ gba àmì ẹ̀yẹ. Nọ́ọ̀sì so rọ́bà mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wò ó, ó tún un fẹ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti Sájẹ́ńtì gan-an ru ju tèmi lọ. Ó ní nínú kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ àti kí wọ́n tètè tọ́jú rẹ̀, èkejì ló jẹ òun lógún, pé pẹ̀lú ọjọ́ orí tó tó yẹn, ẹnikẹ́ni ò ní gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Sájẹ́ńtì ní irinṣẹ́ náà ló bà jẹ́. Ó gun òkè lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún lórí àtẹ̀gùn bíi ti géndé mẹ́ta.

Panẹ́lì dijú. Ó ṣèlérí pé òun ò ní wò ó. Ìró ọ̀rá abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń fà ya nìkan ló gbọ́ tó fi ṣubú lulẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò bá tèmi mu. Onílé náà, kò bá a mu. Màmá na ọwọ́, nọ́ọ̀sì ní rárá, ẹ ti dàgbà jù. "Ẹ̀jẹ̀ mi ló dàgbà?" Ojú Màmá korò títí di alẹ́, ṣùgbọ́n mo rí ohun kan: wọ́n ti na ọwọ́ kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n.

Ilẹ̀kùn Télọ̀ ò ṣí. Látìgbà tí nọ́ọ̀sì ti dé títí ó fi lọ ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ẹtì, 21 Oṣù Kẹfà

Ọkọ mi gun òkè rẹ̀, ó pè. Ó ní kí n má ronú, kí n má bínú, kí n má ṣe wàhálà, kí n sáà sinmi. Mo ní tó bá tún sọ "sinmi" lẹ́ẹ̀kan sí i, màá pa fóònù. Mo wá ro gbogbo rẹ̀ fún un, ti ẹ̀jẹ̀, ti ọkọ̀, ti omi ọṣẹ. Mo rò pé fóònù ti já, àfi bí mo ṣe ń gbọ́ tó ń mí. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí." Mo ní ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ọ̀rọ̀ tó dáa jù nínú ọ̀sẹ̀ yìí nìyẹn.

Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹfà

Télọ̀ kan ilẹ̀kùn. Màmá ti lọ sọ́jà. Mo rò pé ẹjọ́ ibi tí Màmá ń sá aṣọ sí ló wá rò. Kò jókòó. Ó dúró sáàárín yàrá, ó ń wo igun tí bẹ́ẹ̀dì mi wà, bíi pé èmi ò sí lórí ẹ̀.

"Ibẹ̀ yẹn náà ni bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ wà," ló wí.

"Ti ta ni?"

"Àbúrò mi. Òun ló ń gbé yàrá yìí kẹ́ ẹ tó dé. Wọn ò sọ fún yín?"

Mo ní ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún mi.

Bó ṣe wá sọ ọ́ nìyí, ohùn rẹ̀ ò yí padà rárá. Àbúrò rẹ̀ rọbí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ sì ń da lára rẹ̀. Ó gbé e dé géètì, géètì wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn Sájẹ́ńtì, Sájẹ́ńtì ti lọ wo bọ́ọ̀lù. Ó ké. Ó lu ilẹ̀kùn onílé, onílé rò pé ìjà ni, kò jáde. Panẹ́lì ò tíì máa ṣiṣẹ́ níbí nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n fi máa rí ẹni tó já géètì, kò sí ohun tí ilé ìwòsàn lè ṣe mọ́. Ọmọ náà bá a lọ.

"Èèyàn sọ pé nítorí okùn aṣọ lẹ ò ṣe ń bá Sájẹ́ńtì sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́. Mo fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa wí."

Mo na ọwọ́ sí i, kò gbà á. Ó ní òun ò wá kí n bá òun sunkún, òun kàn rò pé ó yẹ kí ẹni tó ń sùn níbẹ̀ mọ̀. Ó sì lọ.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kẹfà

Inú ń bí mi dé eyín. Mo ránṣẹ́ pe Sájẹ́ńtì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Mo bi í bóyá lóòótọ́ ni. Ó ní, "Lóòótọ́ ni." Mo ní kí ló dé tó tún fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sọ́rùn di òní? Mo sọ gbogbo ohun tó wà lẹ́nu mi fún un, èyí tó yẹ àtèyí tí kò yẹ, ọkùnrin tó jù mí lọ dáadáa. Ó dúró gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Mo rò pé tí n ò bá kúrò nídìí géètì yẹn mọ́ láyé mi..." Ó gun òkè lọ, mi ò sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́. Ó bi mí pé ta ni mo bá jà.

Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹfà

Sájẹ́ńtì jáde láàárọ̀, ó padà dé pẹ̀lú òógùn àti kọ́kọ́rọ́ tuntun lápò. Ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan, ó fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá gba tiwa. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Télọ̀, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó kúrò níbẹ̀. Télọ̀ ò wò ó. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kọ́kọ́rọ́ náà wà níbẹ̀ láàárín òwú.

Onílé ń fi ẹjọ́ sùn pé kọ́kọ́rọ́ ti pọ̀ jù nínú ilé, olè máa wọlé. Mo ní kó lọ wo omi ọṣẹ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Keje

Nọ́ọ̀sì wọlé, gbogbo eyín ẹ̀ wà níta. Ó ní ẹnì kan ti wá sí ilé ìwòsàn lánàá, ó ní kí wọ́n yẹ òun wò, ó sì bá tèmi mu. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni náà, wọ́n ti fi orúkọ mi sí i, ó wà nínú fíríìjì. Mo ní ta ni? Ó ní ẹni náà bẹ òun kóun má sọ.

Lọ́sàn-án, mo rí Télọ̀ níbi tó ti ń fa omi. Òwú funfun kan wà ní inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, wọ́n fi bándéèjì lẹ̀ ẹ́.

"Kí ló ṣe yín lápá?" mo bi í láti ojú fèrèsé.

"Ẹ̀fọn ló jẹ mí."

"Ẹ̀fọn wo ló ń fi òwú síbi tó bá ti jẹ èèyàn?"

"Àǹtí Omi, ṣebí wọ́n ní kẹ́ ẹ sùn?"

Mo sunkún díẹ̀. Màmá dé, wọ́n rò pé ebi ló ń pa mí, wọ́n gbé ìrẹsì wá. Iyọ̀ rẹ̀ ti dín kù. Mi ò sọ nǹkan kan, kí wọ́n má baà rántí.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Keje

Ooru. Ojú mi ti wú. Panẹ́lì ní mo rẹwà. Mo ju ìrọ̀rí lù ú.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Keje, ilé ìwòsàn

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lè di báírò mú nìyí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí pé olúkúlùkù wọn ló ti ń sọ tirẹ̀, Panẹ́lì sì ti ń fi iyọ̀ àti ata sí i.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kì í ṣe irú èyí tí mo mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ yẹ̀rìyẹ̀rì lójú mi, tí òkè ikùn ń dùn mí bíi pé wọ́n ń fi nǹkan tì í. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi nípa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ní, "Màmá, ó ti dé." Ọ̀rọ̀ kan ò jáde lẹ́nu Màmá nípa pé ká rìn. Wọ́n já síta, wọ́n sì pariwo tó jẹ́ pé títí dòní, àwọn ará ìkejì òpópónà ṣì ń béèrè pé kí ló jóná.

Ọkọ̀ onílé ò sí nílé. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé e jáde. Lẹ́yìn gbogbo "ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá ti pè mí" yẹn! Onílé dúró nínú òjò pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, ó ń tẹ fóònù, tí fóònù ìyàwó rẹ̀ sì ń dún nínú yàrá wọn lókè.

Panẹ́lì ò fàkókò ṣòfò. Ọkọ̀ oníbàárà kan wà níwájú rẹ̀ tó ti tú ìdérí ẹ́ńjìnnì àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kúrò lára rẹ̀. Ó ṣáná sí i, ó dún. Wọ́n gbé mi sẹ́yìn. Màmá wọlé, wọ́n gbé orí mi sórí itan wọn. Télọ̀ so ìró mọ́ ojú ibi tí ilẹ̀kùn kò sí, ó fi ara rẹ̀ dí ibẹ̀. Kó tó wọlé, òun ló sáré lọ síwájú. Mo gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́, mo gbọ́ géètì nígbà tó gbá ògiri. Òun ló ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ tí kò wò yẹn, àyà rẹ̀ ló ti yọ ọ́.

Ọkọ̀ kún oríta fọ́fọ́, ojú pópó dí pa. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ fèrè. Sájẹ́ńtì ti gba ẹ̀yìnkùlé sáré dé ibẹ̀ ṣáájú wa, ọkùnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru ju tèmi lọ, ó dúró sáàárín títì nínú òjò, ó na ọwọ́ kan sí wọn, ó fi ìkejì pè wá. Awakọ̀ kan yọ orí jáde, ó bú u. Sájẹ́ńtì fọn fèrè sí i lójú. Gbogbo wọn dúró. A kọjá. Télọ̀ yọ orí láti ẹ̀gbẹ́ ìró, ó ké sí i pé, "Ẹ lọ jókòó, kẹ́ ẹ má ṣubú!" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ọdún méjì nìyẹn. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú gbogbo bí orí ṣe ń fọ́ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ púpọ̀ mọ́. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ kan tó gbóná bí iná lára. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ̀jẹ̀ dà, ó sì dà púpọ̀, wọ́n fa èyí tó wà nínú fíríìjì sí mi lára. Nọ́ọ̀sì àgbà ní ká ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wá a lọ́jọ́ náà ni... Mo ní kó má parí ẹ̀.

Obìnrin ni. Ó kéré, ó wà nínú àpótí gíláàsì tó ń móoru, ó sì ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Ọkọ mi dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ tí ẹrẹ̀ bò. Ó dúró níwájú gíláàsì yẹn títí wọ́n fi lé e jáde.

Àìkú, 28 Oṣù Keje, ilé ìwòsàn

Télọ̀ wá. Mo gbé ọ̀rọ̀ ọpẹ́ kan kalẹ̀ tí mo ti tò láti àárọ̀. Ó gé e mọ́ mi lẹ́nu. "Ẹ jẹ́ kí n gbé e." Nọ́ọ̀sì ti gbé ọmọ jáde kúrò nínú gíláàsì fún ìgbà díẹ̀. Télọ̀ gbà á, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Èjìká rẹ̀ ń mì. Màmá fẹ́ lọ bá a, mo di aṣọ wọn mú. Ọmọ náà, tó ń ké mọ́ gbogbo ayé, dákẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kẹjọ

A ti délé. Wọ́n ti gbá àgbàlá. Mi ò béèrè ẹni tó gbá a, kí ìjà má baà bẹ̀rẹ̀.

Ẹtì, 9 Oṣù Kẹjọ

Ọmọ ò sùn. Èmi ò sùn. Sájẹ́ńtì ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, torí pé Màmá ń dúró tì í lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn títí á fi gbé e mì. Wọ́n tún ń yọjú wo ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Ó ní irú àtìmọ́lé yìí, òun ò rí i rí ní gbogbo ọdún tóun fi ṣe ọlọ́pàá.

Àìkú, 18 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n ń ṣèpàdé, wọn ò pè mí.

Mo jí lọ́sàn-án, mo gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n ti to àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ aboyún kan tó ń gbé nílé aláwọ̀ òféèfèé lẹ́yìn wa ni. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú, ọkọ rẹ̀ sì ti bá tirẹ̀ lọ. Mo tẹ́tí. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lódìlódì! Onílé ń ṣàlàyé pé ọkọ̀ òun wà nílẹ̀. Panẹ́lì ń sọ ìtàn bó ṣe wa ọkọ̀ aláìnílẹ̀kùn, ó ti fi afárá tó wó kan kún un, afárá tí kò sí nílùú yìí. Sájẹ́ńtì fẹ́ kí wọ́n pín iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń pín in ní bárékè. Télọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n fi àyè ẹni méjì sílẹ̀ láàárín, ó sì ń sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò mọ́gbọ́n dání. Màmá ń pariwo iyọ̀.

Mo gbé ọmọ sẹ́yìn, mo jáde. Ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ ṣì ń ta mí, mo sì ti múra tán láti bú gbogbo wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Obìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn gbogbo wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà Panẹ́lì, ó di ìdí ikùn rẹ̀ mú, kò lè ju ẹni ogún ọdún lọ. Wọ́n ti pè é wá, wọ́n sì ti gbàgbé láti fún un ní àga. Ó ń wo ẹnu wọn bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu.

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́, àbúrò? Báwo ló ṣe ń ṣe ọ́?"

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ó wo ilẹ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun láràárọ̀. Ó ní òun kì í rí oúnjẹ jẹ tó bó ṣe yẹ. Ó ní nígbà tí ọmọ bá ta, kò sí ẹni tóun máa sọ fún pé ó ta. Bó ṣe sọ ìkẹyìn yìí ni ẹkún gbà á.

Onílé ló dìde. Ó ti àga oní-tìmùtìmù rẹ̀ sí i nídìí, kò sì rántí sọ nǹkan kan nípa ògiri rẹ̀. Télọ̀ lọ gbé tíì wá. Màmá lọ gbé búrẹ́dì. A ò fẹnu kò lórí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan títí oòrùn fi wọ̀, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orí sì fọ́ mi débi pé mo bú Sájẹ́ńtì lẹ́ẹ̀mejì.

Aboyún náà jẹ búrẹ́dì náà tán. Ọmọ ta nínú rẹ̀, ó sì sọ fún wa.